Ìyá Tí A Gbé Bọ̀ Láti Ìdó

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wa ní Ladi-Lak, ní Bàrígà, eruku funfun ti bo gbogbo òrùlé, mi ò sì rí ilé tó wà ní ìkángun òpópónà wa mọ́. Ètè mi ti là kí n tó bọ́jú. Mo ní láti fi òrí pa àtẹ́lẹsẹ̀ kí n tó lè tẹ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Kò sí ẹni tó tíì tan jẹnẹrétọ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ṣómólú tí wọ́n máa ń pariwo láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn ò tíì jí. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo ti gbọ́ fèrè rélùwéè. Ó jìnnà, apá Yábàá ló ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọyẹ́ gbé e wá bá mi lẹ́yìnkùlé bí ìgbà tí aládùúgbò bá gbé abọ́ oúnjẹ fúnni lórí ògiri.

Mo dúró sójú kan pẹ̀lú agolo òrí lọ́wọ́. Fèrè ìsinsìnyí ò jọ ti àtijọ́. Ti àtijọ́ gùn, ó máa ń fà bí ẹni tí kò fẹ́ lọ. Tòní dún bíi ti ọkọ̀ ńlá tó ń bínú. Síbẹ̀ ara mi mọ̀ ọ́n. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni èmi náà fẹ́ wọ ọkọ̀ ọ̀hún lọ sí Ìbàdàn lọ kí ọmọ mi obìnrin. Ọmọ rẹ̀, Fìkáyọ̀, ni yóò wá pàdé mi ní ìdíkọ̀. Láti ìgbà tí Fìkáyọ̀ ti wà lọ́mọ ọwọ́, inú fóònù nìkan ló ti ń rí mi, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan náà dúró, nítorí náà iwájú orí mi nìkan ló mọ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ kí ọmọ wá pàdé ìyá àgbà ní ìdíkọ̀ yìí ló mú mi rántí Ìdó.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, Ṣómólú tí mo ń wí yìí kò tíì fún pọ̀ báyìí. Ilé wa kò jìnnà sí Fádèyí. Yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan sì wà láàárín tó ṣókùnkùn débi pé a máa ń wúkọ́ kí a tó kọjá, kí orí má baà gbá orí. Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi ti wá, Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni a sì ń lọ. Yàrá tó dojú kọ tiwa ni ti àwọn Múnírátù, ọ̀rẹ́ mi. Mùsùlùmí ni wọ́n, ará Abẹ́òkúta. Ọbẹ̀ ilé wọn ni mo fi ń jẹ ẹ̀kọ ilé wa, òun náà sì mọ orin ilé ìjọ wa ju èmi lọ.

Eré kan wà tí èmi àti Múnírátù máa ń ṣe létí títì Ìkòròdú. Bí mọ́tò bá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹni tó bá kọ́kọ́ ké “tèmi” ló ni ín. Mo ti ní mọ́tò tó lè kún gbogbo Ṣómólú. Múnírátù ní ju tèmi lọ, torí ojú rẹ̀ ríran jìnnà. Lọ́jọ́ kan, Bọ̀ọ̀dá Ìṣọ̀lá bá wa níbẹ̀. Àbúrò màmá mi ni, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé, ó ń kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, tàdáwà dúdú kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó wò wá, ó yọ ṣùtì.

“Mọ́tò lẹ̀ ń gbà? Iṣẹ́ ọmọ ọwọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìdó, kí ẹ wá gba rélùwéè.”

Rélùwéè ni ayé Bọ̀ọ̀dá Ìṣọ̀lá. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá fún un láyè, Ìdó ló ń lọ jókòó sí láti máa wo ọkọ̀ tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Màmá mi máa ń sọ pé bóyá ó ti rí ìyàwó níbẹ̀. Kò rí ìyàwó kankan. Irin ló ń wò.

Ọ̀nà wá là fún wa nígbà tí màmá mi bímọ. Ìyá bàbá mi ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wẹ ọmọ, ìkómọ sì ku ọ̀túnla. Wọn ò dé Èkó rí. Wọ́n á wọ lọ́rì dé Òṣogbo, wọ́n á wá wọ rélùwéè láti ibẹ̀. Bàbá mi ti lọ síbi iṣẹ́ ní wáàfù Àpápá kí ilẹ̀ tó mọ́, màmá mi ò sì lè jáde pẹ̀lú ọmọ tuntun. Bọ̀ọ̀dá Ìṣọ̀lá ló kàn láti lọ pàdé wọn. Ó ní òun máa mú èmi àti Múnírátù dání, kí a tètè lọ, kí a lè wo ọkọ̀ díẹ̀ kí tiwọn tó dé.

“Báwo la ṣe máa mọ Ìyá àgbà?” ni mo bi màmá mi, nítorí ọmọ Èkó ni mí, mi ò tíì fojú kàn wọ́n rí. Bọ̀ọ̀dá náà ò mọ̀ wọ́n.

“Wọ́n kọ gọ̀m̀bọ́,” ni màmá mi wí. “Aṣọ aláró ni wọ́n máa wọ̀. Wọ́n á sì mú adìyẹ dání, wọn kì í rìn láìmú adìyẹ dání.”

Wọn ò dárúkọ. Ìyàwó kì í pe orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀ nígbà náà, ẹnu màmá mi ò lè gbé e. Àbúrò ọkọ pàápàá, orúkọ àdàpè ni wọ́n ń fún un. Ọmọdé náà ò sì gbọdọ̀ bi àgbà pé kí lorúkọ yín. Ẹni tó bá dán an wò, ẹnu rẹ̀ á wú. Báyìí ni a ṣe gbéra lọ pàdé ẹni tí a ò mọ ojú rẹ̀, tí a ò mọ orúkọ rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rò pé nǹkan kan kù.

Ọyẹ́ ọjọ́ yẹn náà mú gan-an. A wọ bọ̀lẹ̀kájà ní Fádèyí, ọkọ̀ onípákó tí èrò fi ń kojú síra wọn, orúnkún sí orúnkún, títí a fi dé Ìdó. Kí a tó rí nǹkan kan ni a ti gbóòórùn èédú tó ń jó, epo, ọsàn bíbó, àti awọ ẹran láti Òkè Ọya. Àwọn alábàárù ń sáré pẹ̀lú àpótí lórí, wọ́n ń ké “ẹ yàgò, ẹ yàgò.” Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù di àsíá pupa àti aláwọ̀ ewé mú bí ẹni pé òun ló ni ayé. Orí ọkọ̀ kan dúró nítòsí wa, dúdú, ó ń mí bíi màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré. Múnírátù di ẹ̀wù mi mú. Èmi náà di tirẹ̀ mú.

Bọ̀ọ̀dá Ìṣọ̀lá gbé wa jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó sì fún wa ní òfin. Ẹnì kan ò gbọdọ̀ ké “tèmi” láìkọ́kọ́ sọ irú ọkọ̀ tó ń bọ̀: ti èrò ni, ti ẹrù ni, àbí ti màlúù. Orí ọkọ̀ tó bá ń dá rìn láìfa nǹkan kan lẹ́yìn, àpọ́n lorúkọ rẹ̀. Èyí tó bá sì fa bọ́gì tó pọ̀ débi pé ìrù rẹ̀ kò tán bọ̀rọ̀, bàbá ọlọ́mọ ni.

“Ẹ má wo irin,” ló wí. “Àwọn ẹlẹ́pà ni kí ẹ máa wò. Bí wọ́n bá dìde gbé ọpọ́n rù, èrò ló ń bọ̀. Bí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹrù ni. Wọ́n ti gbọ́ ọ kí ẹ̀yin tó gbọ́.”

Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dé ibikíbi tí ọkọ̀ ti ń wá, ọlọ́jà ni mo máa ń wò. Mo gba àpọ́n kan. Múnírátù gba bàbá ọlọ́mọ tó ru epo. Mo tún gba ti màlúù, Múnírátù sì ní kí n lọ máa fún wọn ní koríko. Inú wa dùn débi pé a gbàgbé ebi. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò tíì ní ni ti èrò, òun ni ó sì dára jù, torí ó ní fèrèsé àti ojú ènìyàn.

Ni gbogbo ẹlẹ́pà bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ti èrò! Tèmi!” Ẹnu èmi àti Múnírátù ló pàdé lórí rẹ̀.

“Ìyá àgbà mi ló wà nínú ẹ̀,” ni mo wí. “Tèmi ni.”

“Ìyá àgbà ẹ ni tìẹ. Èmi ni mo ni ọkọ̀ tó gbé wọn wá. Kí wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.”

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ dá a fún wa.”

Bọ̀ọ̀dá kò gbọ́ wa, ó ti ń wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń yí. Ibi tí a ti ń jà sí ọkọ̀ ni èrò ti sọ̀ kalẹ̀, tí gbogbo ibẹ̀ fi kún fún ẹrù, ọmọ àti ariwo. Nígbà tí a gbójú sókè, ìyá àgbà kan ló dúró níwájú wa. Ó kọ gọ̀m̀bọ́. Aṣọ aláró ló wọ̀. Adìyẹ ń bẹ lábíyá rẹ̀, ó ń wò wá.

Èmi àti Múnírátù kúnlẹ̀, Bọ̀ọ̀dá dọ̀bálẹ̀. “Ẹ kú ọ̀nà, mà.”

“Ẹ̀yin ọmọ mi,” ni wọ́n wí, omi sì lé sí wọn lójú. “Ẹ ti dàgbà báyìí.”

Kí ló tún kù? Bọ̀ọ̀dá gbé ẹrù, mo gba adìyẹ. Nínú bọ̀lẹ̀kájà, wọ́n bi mí pé bàbá mi ńkọ́, mo ní wọ́n wà níbi iṣẹ́. Wọ́n ní ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ kára báyẹn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ní, “Àbẹ̀ní mi.”

Múnírátù fi ìgúnpá gún mi, ó sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, “Ṣé Àbẹ̀ní loríkì ẹ?”

Àbẹ̀ní kọ́. “Bóyá ó jẹ́ èyí tí wọ́n fún mi nílé,” ni mo wí, mo sì jẹ́ ẹ.

Nígbà tí a dé ilé, màmá mi gbé ọmọ fún ìyá Múnírátù, wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dorí kodò bí ìyàwó ṣe ń ṣe. “Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú àárẹ̀. Ará ilé ńkọ́?”

“Wọ́n wà. Wọ́n ní kí n kí ọ.”

“Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Gbogbo wọn wà. Dìde, ìyàwó mi.”

Màmá mi gbójú sókè. 

“Ìṣọ̀lá,” ni màmá mi wí, ohùn wọn sì ti yí padà, “ta lo gbé wá?”

“Wọ́n kọ gọ̀m̀bọ́,” ni Bọ̀ọ̀dá wí. “Adìyẹ sì nìyí.”

Ìyá náà wo màmá mi, wọ́n wo ọmọ, wọ́n wo ilé, wọ́n wá fìdí lé bẹ́ńṣì. Múṣin ni ọmọ wọn ń gbé, káfíńtà ni. Ó ti ránṣẹ́ pé òun máa wà ní Ìdó, nítorí náà nígbà tí wọ́n rí wa, wọ́n gbà pé ó rán àwọn ọmọ rẹ̀ ṣáájú ni. “Mo ti ń rò ó lọ́kàn,” ni wọ́n wí, “pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi pé wọ́n tún bí òmíràn. Ọmọ náà dára o.”

Ìyá Múnírátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ṣùgbọ́n màmá mi ò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ wọn wà lórí. Ìyá àgbà wa wà ní Ìdó nígbà náà, láàárín gbogbo èrò yẹn, wọn ò mọ ọ̀nà kankan l'Ékòó, bẹ́ẹ̀ ni ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀. Kí ni màmá mi máa wí bí bàbá mi bá dé? Pé ìyá tó bí yín, tó ń bọ̀ wá wẹ ọmọ yín, a gbàgbé wọn sí ìdíkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má bínú, a rí òmíràn mú bọ̀?

“Ẹ dá mi padà síbi tí ẹ ti mú mi,” ni ìyá náà wí, wọ́n dìde. “Ìyá yín á ti máa retí.”

Mi ò rántí ohun tí a rí lójú ọ̀nà. Ohun tí mo rántí ni pé mo sọ fún Ọlọ́run nínú bọ̀lẹ̀kájà pé bí a bá bá Ìyá àgbà níbẹ̀, kí Múnírátù máa mú rélùwéè náà lọ, mi ò jà mọ́. Nígbà tí a dé Ìdó, èrò ti túká. Ọkọ̀ ẹrù kan ń wọlé bọ̀, bàbá ọlọ́mọ gidi, ó gùn bí ohun tí kò ní tán. Kò sẹ́ni tó ké “tèmi.” Bọ̀ọ̀dá Ìṣọ̀lá pàápàá ò wò ó.

Lẹ́yìn tí ìrù ọkọ̀ náà kọjá tán ni mo rí wọn lódì kejì. Ìyá kan jókòó lórí ẹrù rẹ̀, ó fara balẹ̀, ó ń jẹ ọsàn, adìyẹ rẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọkùnrin kan dúró tì í, òógùn bò ó bí ẹni pé ọyẹ́ ò mú.

“Àwọn nìyẹn,” ni Ìyá àgbà wí fún un. “Mo sọ fún ọ.”

Káfíńtà Múṣin náà sáré gbá ìyá rẹ̀ mú. “Ìyá, ibo lẹ gbà?”

“Wọ́n mú mi lọ kí ìyàwó wọn. Ó bí ọkùnrin.”

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni a gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ọkùnrin náà ti fẹ́ sáré wọ ìgboro lọ wá ìyá rẹ̀, Ìyá àgbà wa ló ní kó jókòó. “Mo sọ fún un pé tìẹ ò sí, àwọn tó yẹ kó wá pàdé tèmi náà ò sì dé, á jẹ́ pé àwọn tèmi ló mú tìẹ lọ. Bí wọ́n bá délé, ìyàwó ọmọ mi á rí i pé èmi kọ́, á dá a padà. Ta ló fẹ́ jí arúgbó gbé, kó wá fi í ṣe kí ni?”

Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n fi ọwọ́ tó ní òórùn ọsàn gbé àgbọ̀n mi sókè, wọ́n wò mí dáadáa. “Imú bàbá ẹ rèé.” Wọ́n wá pe oríkì mi, èyí tó jẹ́ tèmi gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún.

“Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Èmi jókòó, mo ń wo ọkọ̀ ni. Èyí tó ru màlúù ni mo fẹ́ràn jù.”

Múnírátù ṣàlàyé eré wa fún wọn láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n mi orí. Kò pẹ́, fèrè dún lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn ẹlẹ́pà ò dìde. Orí ọkọ̀ kan ṣoṣo ló yọ, kò fa nǹkan kan. Ìyá àgbà na ìka sí i.

“Àpọ́n,” ni wọ́n wí. “Tèmi nìyẹn. Ó ń dá bọ̀ bí èmi.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ lórí itan, wọ́n pè mí. “Kí lorúkọ mi?”

“Ìyá àgbà.”

“Gbogbo ìyá tó wà nínú ọkọ̀ àná ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.” Wọ́n sì sọ orúkọ wọn fún mi, èyí tí bàbá wọn sọ wọ́n àti oríkì wọn. “Bí ẹ bá tún sọ mí nù, o mọ ohun tí wàá ké.” Màmá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀yìn wọn tó ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Ìyá Múṣin wá sí ìkómọ náà, pẹ̀lú ọmọ wọn káfíńtà àti àwọn ọmọ rẹ̀. Àbẹ̀ní gidi wà nínú wọn. Ó wò mí látòkè délẹ̀ bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè orúkọ. Ọmọ tí wọ́n kó jáde lọ́jọ́ yẹn, orí ibùsùn tí káfíńtà náà kàn fún un ló sùn títí ó fi gbéyàwó.

Púpọ̀ ti yí padà. Ìdó dákẹ́. Ìdíkọ̀ tuntun tí mo rí nígbà tí mo sin ọmọ mi lọ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán débi pé mo fẹ́ bọ́ bàtà. Ohùn obìnrin kan tí a ò rí ló ń sọ̀rọ̀ láti òkè pé ọkọ̀ ń bọ̀. Mo wá ẹlẹ́pà tí màá wò, mi ò rí. Bọ̀ọ̀dá Ìṣọ̀lá ti lọ sinmi. Múnírátù wà ní Ìlọrin níbi tí ó lọ́kọ sí, ó ń fi fóònù kí mi lọ́jọ́ Jímọ̀, kì í sì í gbàgbé láti sọ ọ́ kó tó pa á pé, “Ọkọ̀ yẹn, tèmi ni o.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, má mú un lọ jìnnà. Èmi náà ti ra adìyẹ tí mo fẹ́ mú lọ fún Fìkáyọ̀. Mi ò tíì béèrè bóyá wọ́n máa gbà á wọnú ọkọ̀.

Fìkáyọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ kàn. Ní ọjọ́ kejì tí mo gbọ́ fèrè nínú ọyẹ́, lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo ní kí ọmọ yàrá kejì bá mi pè é.

“Fìkáyọ̀, kí lorúkọ mi?”

“Màmá Bàrígà.”

“Orúkọ mi ni mò ń bi ọ́.”

 Mo gbọ́ ọ tó ń rẹ́rìn-ín. “Màmá, mi ò mọ̀ ọ́n o. Ẹ ẹ̀ sọ fún wa rí.”

Mo sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, tòun ti oríkì. Ó pè é, ó ṣì í pè, mo tún un ṣe. Mo ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fún un láyè, kó má rò pé á máa fi pè mí bí a bá ti délé. Mo wá ní kó dìde, kó ké e sókè bí ẹni tó wà láàárín èrò ìdíkọ̀.

Ó ké e. Mo dáhùn.